Àyè Mi Ni Wọ́n Pè Ọ́ Sí

                                        Ilé Hrynchuk,
                                        Willow Bend,
                                        Saskatchewan, Kánádà.
                                        Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Keje, 1998.

Arto, ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ìyá mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀ díẹ̀? Bàbá rẹ ńkọ́, àti Kaisa àbúrò rẹ? Ṣé ẹ ṣe ọdún Juhannus dáadáa, ṣé ẹ dáná létí adágún, ṣé sáúnà sì gbóná bó ṣe yẹ? Èmi náà wà níbí o, mo ṣì ń mí. Má fi ìwé kíkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́, má sì bínú pé ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ́ sí ọ. Ọwọ́ ọ̀tún kò ṣe é lò. Wàá gbọ́ ìdí rẹ̀.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Ayọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ débi pé n kò lè kà á tán lẹ́ẹ̀kan. O ní ẹgbẹ́ Willow Bend ti mú ọ, pé àwa méjèèjì yóò tún jọ máa gbá họ́kì lórí yìnyín kan náà bíi ti ìgbà tí a wà lọ́mọdé. Arto, ta ni kó sọ ọ́ fún ọ bí kì í bá ṣe èmi? Àjèjì méjì péré ni òfin líìgì yìí gbà fún ẹgbẹ́ kan. Ọmọ Czech tó wà pẹ̀lú mi ń ju góòlù wọlé bí ẹni ń ju òkò, ta ló máa yọ ìyẹn? Èmi ni wọ́n yọ. Àyè mi ni wọ́n pè ọ́ sí.

N kò bínú sí ọ o. Kí lo mọ̀? Ṣùgbọ́n o bi mí pé èwo ló dáa jù, líìgì àwọn ọ̀dọ́ tiwa nílé ni àbí tibí, o sì fẹ́ kí n tètè fèsì kí o tó fọwọ́ síwèé. Jókòó nígbà náà.

Nílé, ìgbà tí àwọn ìyá wa ṣì ń bá wa so okùn bàtà yìnyín ni ẹgbẹ́ ti mọ̀ wá. À ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kọ́ṣẹ́ kí a tó gbá ìdíje kan tàbí méjì, bílẹ̀ bá sì ṣú, kálukú á lọ sun orí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀. Níbí, ìdíje lórí ìdíje ni. Inú bọ́ọ̀sì là ń sùn, inú bọ́ọ̀sì là ń jẹun. Yìnyín tiwa fẹ̀, èèyàn ń ráyè ronú. Tibí há, kí o tó gbójú sókè, ẹnìkan ti gbá ọ mọ́ ògiri. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ó dùn mọ́ mi lákọ̀ọ́kọ́. Àwọn bàbá wa nílé á dúró, wọ́n á máa mu kọfí wọn láìsọ̀rọ̀. Níbí, gbogbo ìlú ló ń jáde, tàgbà tèwe, wọ́n ń pariwo orúkọ mi tí wọn ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n pè. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀ lónìí, wọ́n lè fi í ṣe pàṣípààrọ̀ lọ́la. Ojú mi ni wọ́n ṣe pe ọmọkùnrin kan kúrò nídìí oúnjẹ àárọ̀. Kó tó di ọ̀sán, ó ti wà lọ́nà ìlú mìíràn.

Ohun tó dé bá mi nìyí. Ṣé o rántí òfin Kolehmainen, kóòṣì wa nílé? Ẹni tó bá jà, rẹfirí á lé e jáde, Kolehmainen á sì tún pe ìyá rẹ̀. Mo gbé ẹ̀kọ́ yẹn dé ibí. Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, géńdé kan láti ẹgbẹ́ kejì kọlu Travis Laboucane látẹ̀yìn, ó fi imú rẹ̀ gún ògiri. Travis ló kéré jù láàárín wa, èmi ni mo sì sún mọ́ ọn jù. Mo na ọwọ́ sókè, mo pe rẹfirí. Rẹfirí fìyà jẹ géńdé náà. Mo rò pé mo ṣe dáadáa. Àfi bí a ṣe wọ yàrá ìmúra, tí ẹnikẹ́ni ò bá mi sọ̀rọ̀. Travis fúnra rẹ̀, tó ń nu ẹ̀jẹ̀ imú, ló wò mí: “Jouni, ṣé bàbá rẹ ni rẹfirí ni?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, wọn ò gbá rọ́bà tí a fi ń ṣeré sí mi mọ́. Níbí, bí wọ́n bá fọwọ́ kan ẹni rẹ, o gbọ́dọ̀ ju ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ kí o sì fẹ̀ṣẹ́ fèsì. Kò sí nínú ìwé òfin kankan, òun sì ni wọ́n ń pa mọ́ jù.

Mo fara dà á títí ó fi sú mi. Ní oṣù kejì ọdún, wọ́n tún kọlu Travis, mo bá ju ìbọ̀wọ́ sílẹ̀. Èmi Jouni, tí mo máa ń dijú kí n tó pa ẹja! Gbogbo ilé dìde. Mo ju ẹ̀ṣẹ́, àṣíborí ló bá, mo sì gbọ́ ìró egungun ọwọ́ ara mi. Àwọn ọmọ náà gbá mi mọ́ra, Travis fẹnu ko orí mi. Arto, n kò láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mi sì parí. Dókítà ti là á, wọ́n ti fi irin sí i, wọ́n tún là á. Ìka mẹ́ta ò ká.

Mo fóònù Kolehmainen. Mo bẹ̀ ẹ́ kó gbà mí padà. Ó ní, “Àyè ti kún, ọmọ mi.” Àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà náà kì í gba ẹni tó bá ti gbá họ́kì ní irú líìgì yìí, wọ́n ní a ti di alágbàṣe tó ń gbowó. Iṣẹ́ ológun tó yẹ kí n lọ ṣe nílé ńkọ́? Ọwọ́ tí kò lè di igi họ́kì mú, ṣé ìbọn ló máa dì mú? Ilé ò gbà mí, ọ̀nà ò gbà mí.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n mú ọ, Kóòṣì Dunphy wá sílé tí mo ń gbé. Ó jókòó sí ilé ìdáná Màmá Hrynchuk tó gbà mí sílé, ó ń jẹ pẹrógì, oúnjẹ oníyẹ̀fun tí wọ́n sè. Ó ní, “Kì í ṣe pé a kórìíra rẹ o, Jouni. Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn.” Ó wá ní, “Arto yìí, ìlú kan náà lẹ ti wá, àbí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kò sẹ́ni tó mọ rọ́bà pín fún ẹlòmíì bíi tìrẹ, pé ìwọ lo máa ń rí àlàfo kó tó ṣí. Ó ní, “Ìyẹn dáa. Ṣé ó máa ń jà?”

Mo ní o kò jà rí láyé rẹ.

Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ẹnu. “Kò burú. A óò kọ́ ọ, bí a ṣe kọ́ ìwọ náà.” Màmá Hrynchuk gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì jẹun tán.

Wọ́n ní ẹni iwájú tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Irọ́ ni. Wọ́n sọ fún èmi náà kí n tó wá. Mo mọ̀ pé o máa wá. Ìbọ̀sẹ̀ onírun tí ìyá mi hun fún mi wà lábẹ́ ìrọ̀rí, lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nílé yìí, ibi tí wọ́n máa fi ọ́ sí. Mú un, mo fi í sílẹ̀ fún ọ ni.

Bá mi kí ilé, bá mi kí Kaisa, má sì ka ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ ọwọ́ mi sí ìyá rẹ létí. Wọn ò ní jẹ́ kí o wá.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Jouni.