Àìsàn Ajá Oko Wa

Ìyá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bẹ Àbdùlàhí aládùúgbò yín. Kò fún ajá wa ní májèlé. Dókítà ẹran tí mo gbé e wá bá ní Sókódé níbí sọ pé àìsàn àjogúnbá ló ń jẹ́ kó máa gbọ̀n, kó máa ṣubú. Ọ̀rá tí ara rẹ̀ ò lè lò ló ń kó jọ sínú ọpọlọ. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni ìyá àti bàbá rẹ̀, torí a ò fẹ́ kí irú wọn kúrò nílé wa.

Mo bi í bóyá ó máa ń ṣe ọmọ èèyàn. Ó ní ó máa ń ṣe wọ́n.

Ara Fàwásì ọmọ mi le. Kì í sáré mọ́, ṣùgbọ́n ó ń rìn bí mo bá dì í lọ́wọ́ mú.

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín, bàbá ọkọ mi.

Mìsìtúrà