Nọ́ńbà Bàbá Lára Ilẹ̀kùn Àká

Ìrókò,
Ọjọ́ Alàmísì.

Rùqáyyàh ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùmù. Ṣé dáadáa lo wà ní Èkó, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́hun kò níí jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì. Àgbàdo wa ti yọmọ, ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí o máa jẹun.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ tí mi ò fẹ́ kí o gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó ti tán, fọkàn balẹ̀ kà á. Mo ti oko dé, mo rí i tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn àká pé BABA = 2121, wọ́n kọ DADA sábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi àmì ìbéèrè sí i. Ìwé tí mo kà nílé ẹ̀kọ́ àgbà kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ BABA, èmi sì ni Baba nínú ilé yìí. Dàda tí oko wa jọ pààlà náà ló sì jábọ́ lórí ọ̀pẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Mo ní háà, àwọn ayé ti fún wa ní nọ́ńbà, ó ti kan Dàda, ó ku èmi.

Mo bi àbúrò rẹ Àsmá'ù, ó ní òun lòun kọ ọ́, ó ní lọ́jíkà ni. Mo ti gbọ́ orúkọ àlùjànnú lóríṣiríṣi lẹ́nu àwọn àlùfáà, mi ò gbọ́ Lọ́jíkà rí. Mo ní kò gbọdọ̀ lọ sílé ìwé mọ́, kí ó lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ìjàyè. Ọmọ náà ń sunkún, ìyá rẹ ń bínú sí mi, ṣùgbọ́n ọmọ tí mo bí ló fi nọ́ńbà sí mi lọ́rùn.

Ìgbà tí wọn ò rí i níléèwé ni tíṣà wọn, Olúwakẹ́mi, gun ọ̀kadà wá. Wọ́n ní lọ́jíkà kì í ṣe àlùjànnú, ìbéèrè àròjinlẹ̀ ni, èyí tí Àsmá'ù fi ń múra ìdíje àwọn iléèwé, pé wọ́n máa ń ka lẹ́tà bó ṣe tò ni, A ni ìkíní, B ni ìkejì, ìdí nìyẹn tí BABA fi di 2121. Wọ́n ní, “Bàbá, kò sẹ́ni tó fẹ́ pa yín. Ọmọ yín ló mọ̀ ọ́n jù ní kíláàsì.” Ara mi wálẹ̀ wọ̀ọ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù iṣu kalẹ̀. Ẹ̀rín ni mo fi bẹ̀rẹ̀, omijé ló gbẹ̀yìn ẹ̀.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe ti Dàda. Mo ka A, B, D, mo ní 3131. Wọ́n ní rárá, 4141 ni, C wà láàárín. Mo ní C kò sí nínú ABD tí wọ́n kọ́ mi. Wọ́n ní ti Òyìnbó ni. Mo fi sílẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n Dàda kì í ṣe Òyìnbó.

Àná la lọ ṣe ìdíje ní Mọ́níyà. Àsmá'ù gba ipò kejì, wọ́n ní yóò lọ ṣe àṣekágbá rẹ̀ ní Ìbàdàn. Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ àti ti sálúbàtà ránṣẹ́, ti ìyá rẹ ló wọ̀ lọ. Má fi gba bánkì. Àwọn bánkì fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fi han ẹnikẹ́ni, èmi náà ò sì tíì wò ó. Kó owó náà fún Ammar, ọmọ Lémọ́mù, tó bá ń bọ̀ wálé láti Èkó.

Ọlọ́hun yóò ṣí ọ̀nà fún ọ, ẹ̀rù tó ń ba àwa àgbà kò níí di ìdènà ẹ̀yin ọmọ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Lìádì.