Sàráà Tí Bàbá Yára Ṣe: Ìtàn Ìgbésí Ayé Àlàájì Àrìmíyàù Àjàdí (1951–2025)

Ọdún 1951 ni wọ́n bí Àlàájì Àrìmíyàù Àjàdí ní Ògbómọ̀ṣọ́, sínú ìdílé Ṣítù Àjàdí tó ń hun aṣọ àti Rábíátù ìyàwó rẹ̀. Ilé kéwú nìkan ni Bàbá lọ. Lọ́dún 1969, wọ́n jókòó sórí ẹrù ọkọ̀ láti ilé títí dé Adjamé, àdúgbò ọlọ́jà kan nílẹ̀ àwọn elédè Faransé, ọ̀nà pupa náà kò sì kúrò lójú wọn mọ́.

Abọ́ tánganran ni wọ́n ń tà. Lọ́dún 1978, wọ́n fẹ́ Jẹ̀mílà, wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí Attécoubé nítòsí ibẹ̀, létí ọ̀sà. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, wọ́n á jókòó máa wo ìkùukùu lórí ọ̀sà, bí ẹni tí wọ́n ń pè láti òdì kejì. Àlejò Ògbómọ̀ṣọ́ kì í wá ibùsùn tì nílé wọn.

Àyà a máa ta Bàbá. Ogún ọdún ni wọ́n fi ń dá ata lẹ́bi, wọn kò sì fi ata sílẹ̀! Lọ́dún 2014, dókítà ti kámẹ́rà tín-ín-rín gba ẹnu wọn wọ ọ̀nà ọ̀fun. Oorun abẹ́rẹ́ gbé Bàbá lọ: wọ́n tún bá ara wọn lórí ẹrù, ọ̀nà pupa ń lọ gbọọrọ, kò sí bodè kankan. Dókítà náà rí pupa. Omi kíkan inú ikùn tó ń ru sókè ti pa awọ ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun dà. Ó gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ó ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó lè dà á lọ́jọ́ iwájú. Kí Bàbá máa lo oògùn, kí wọ́n sì máa padà wá fún kámẹ́rà lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta.

Oògùn ṣiṣẹ́, àyà kò ta mọ́. Bàbá pa àgbò, wọ́n pe àwọn àáfà, wọ́n ṣe sàráà ìwòsàn. Háà, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ́! Nígbà tí ọjọ́ kámẹ́rà pé, Bàbá kọ̀ jálẹ̀: ẹni tó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣé yóò tún máa yẹ ẹ̀bùn náà wò? Màmá Jẹ̀mílà bẹ̀bẹ̀ títí. Ó ń dun ẹbí dòní.

Lọ́dún 2024, iyán kò gba ọ̀fun lọ mọ́; nígbà tó yá, ẹ̀kọ mímu pàápàá kò lọ. Jẹjẹrẹ ti dé. Orí àìsàn yìí ni Bàbá wà tí wọ́n fi gbọ́ pé àyà ń ta Àlàmín, àkọ́bí wọn, òun náà sì ń dá ata lẹ́bi. Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú: "Àlàmín, Ọlọ́run kì í bínú sí ẹni tó lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Èmi ni mo ṣì í. Jọ̀ọ́, lọ." Lẹ́yìn náà, wọ́n ní àwọn tún ń rí ọ̀nà pupa yẹn.

Bàbá jáde láyé ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án, 2025. Wọ́n fi Màmá Jẹ̀mílà sáyé lọ, pẹ̀lú Àlàmín, Fàìzà, Irfan, àti ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá wá Àlàmín dé ọjà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ kò ní bá a: ọ̀dọ̀ dókítà ló ń lọ.

Bàbá, ọkọ̀ ti gúnlẹ̀. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà ṣe ilé yín. Ẹ sùn, ẹ má wẹ̀yìn mọ́. Àlàmín ti gbọ́.