Onílé, Ayálégbé àti Àpótí Bàbá Fídíò

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹwàá 2017

Ìwé tí Bàbá Fídíò, ọkọ mi, fi ń kọ orúkọ kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ni mo gbà kọ eléyìí. Ojú ewé tó kù pọ̀. Bírò rẹ̀ ṣì wà láàárín rẹ̀, ó ti gbẹ. Ọdún mẹ́ta.

Abdulmuiz pè láti Kánádà. Ó ní gbogbo kásẹ́ẹ̀tì bàbá wọn tí òun kó sínú kọ̀ǹpútà nígbà tí òun wá sílé lọ́dún tó kọjá, òun fẹ́ kí gbogbo wọn lè máa wò ó láti ibi tí kálukú wà. Òun ní Kánádà, Qonitah nílé ọkọ rẹ̀ ní Ìlọrin, Yahya àbíkẹ́yìn níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt. Fídáù ọdún kẹta bàbá wọn bọ́ sí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù yìí, kò sì sí èyí tó ráàyè wá nínú wọn. Ó ní ó kéré tán, kí a jọ wo bàbá wa ní aago kan náà.

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní kí ló wá kù.

"Iṣẹ́ díẹ̀ ló kù, Mọ́mì. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe é."

Èmi. Èmi tí mi ò mọ bọ́tìnnì tó ń pa rédíò, tó jẹ́ wáyà ni mo máa ń fà.

Ìṣẹ́gun, 3

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé, torí mo máa gbàgbé.

Ráútà méjì ló wà nílé. Ọ̀kan ni èyí tí ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì gbé kọ́ sí pálọ̀ — dúdú, ojú rẹ̀ le. Mo sọ ọ́ ní Onílé. Èkejì funfun, oníwo mẹ́ta, Abdulmuiz ló rà á torí pé agbára Onílé ò dé yàrá iṣẹ́ bàbá wọn. Ayálégbé nìyẹn. Ẹ̀yìn Ayálégbé ni kọ̀ǹpútà tí kásẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀ jókòó sí. Sávà ni Abdulmuiz ń pè é. Àpótí ni tèmi.

Àlejò tó bá ti ìta wá, ẹnu ọ̀nà Onílé ló máa kàn. Onílé gbọ́dọ̀ ti gba àṣẹ pé ẹni tó bá béèrè nọ́ńbà báyìí-báyìí, kó júwe Ayálégbé fún un. Ayálégbé náà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ tirẹ̀ kó tó júwe Àpótí. Bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá yadi, àlejò á dúró síta títí ẹsẹ̀ á fi máa ro ó. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n ń pè ní póòtù.

Mo ní, "Ṣé bíi nọ́ńbà yàrá ni?"

Ó ní, "Ẹ ti gbà á, Mọ́mì!"

Inú mi dùn débi pé mo yí aṣọ inú sóde, mo sì rán an bẹ́ẹ̀. Yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ, èmi télọ̀ àgbà.

Ọjọ́rú, 4

A ṣe ti Ayálégbé. Wákàtí méjì lórí fóònù. Ó ní kí n tẹ ìlà kẹta. Mo bi í pé ìkẹta láti òkè àbí láti ìsàlẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ọmọ tí mo fi odidi ọdún kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń di okùn bàtà, òun ló ń mí kanlẹ̀ sí mi.

Pásíwọ́ọ̀dù Onílé kò sí lọ́wọ́ wa, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó gbé e wá ló wà. Abdulmuiz pè wọ́n, wọ́n ní àwọn ti ṣe tiwọn láti ọ́fíìsì. Ó dìgbà tó bá dánwò lọ́la.

Àlàmísì, 5

Kò ṣí.

Jímọ̀, 6

Yahya pè mí! Òun ló pè mí o, èmi kọ́ ni mo pè é. Kí n fi àmì sí ọjọ́ náà.

"Mọ́mì, ó ń ṣiṣẹ́! Mo ti wo Dádì."

Kásẹ́ẹ̀tì iléyá ló wò, èyí tí Qonitah já káńmẹ́rà gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ni ojú Bàbá Fídíò ti hàn. Nínú àwọn yòókù, ohùn rẹ̀ lásán ni èèyàn á máa gbọ́: "Ẹ wo ibí. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ẹ̀yìn yẹn, ẹ sún mọ́ra, kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ yín." Ó ya ìsọmọlórúkọ gbogbo Ìkọ̀tún títí dé Ìgandò, àwòrán tirẹ̀ ò pé mẹ́ta.

Mo bá Yahya yọ̀. Ládáànì ń pe ìrun Àsárì lẹ́yìn rẹ̀, ó wúkọ́ láàárín bíi ti ládáànì tiwa. Tiwa náà ń pè lọ́wọ́, ohùn méjèèjì dàpọ̀ mọ́ mi létí. Ó dà bíi pé gbogbo ládáànì ayé ló ní ikọ́.

Mo pe Kánádà, mo pe Ìlọrin. "Ó ti ń ṣiṣẹ́!" Abdulmuiz ní kò ṣí lọ́dọ̀ òun. Qonitah ní kò ṣí lọ́dọ̀ òun náà. Mo ní kí wọ́n lọ béèrè irú íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lò ní Port Harcourt.

Sọ́ńdè, 8

Kò ṣí ní Kánádà. Kò ṣí ní Ìlọrin. Yahya nìkan ni Ọlọ́run ń ṣàánú.

Ìṣẹ́gun, 10

Mo ti mọ ọ̀tá. Sìdíkátù ni orúkọ rẹ̀.

Abdulmuiz bi mí ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí ló dé tí Àpótí máa ń kú ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Mo ní kò kú, mo máa ń yọ ọ́ kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ni. Pẹ̀lú Onílé. Pẹ̀lú Ayálégbé. Pẹ̀lú fíríìjì. Bí òjò bá ṣú, mo máa ń yọ gbogbo wọn. Bí iná NEPA bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, mo máa ń yọ wọ́n. Ṣé ó ti gbàgbé ọjọ́ tí iná wá lágbára-lágbára tó jó tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ tí bàbá rẹ̀ fi ń gé fídíò ni?

Ó wá ṣàlàyé. Gbogbo ìgbà tí mo bá yọ wọ́n tí mo tún ki wọ́n bọ̀ ọ́, Ayálégbé máa ń fún Àpótí ní yàrá tuntun. Àṣẹ tí a kọ, yàrá àtijọ́ ló ń júwe. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run mú ọwọ́ ayé kúrò lórí nǹkan yìí. Ọwọ́ ayé náà rèé, ọwọ́ èmi Sìdíkátù, ó mú bírò dání.

A so nọ́ńbà kan mọ́ Àpótí lọ́rùn, kò lè ṣí kiri mọ́. Mo ṣèlérí pé mi ò ní yọ nǹkan kan mọ́. Ní aago mẹ́rin òjò ṣú. Mo jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì títí ó fi dá.

Síbẹ̀, kò ṣí ní Kánádà.

Àlàmísì, 12

Zacchaeus dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú eruku. Wẹ́dà tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa nìyẹn, ọ̀rẹ́ Yahya láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti Ràmàdáánì ni èmi àti òun ti ń jà nítorí ariwo irin rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ́mì wa! Ara yín ń le? Géètì yín tó ń dún yẹn, mo máa bá yín tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́."

Mo wò ó lókè, mo wò ó nísàlẹ̀. Abọ́ ìrẹsì méjì ló gbé lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan ṣoṣo, abọ́ méjì. Abájọ tó fi ń sanra.

Mo pe Yahya, mo ní kó ya fọ́tò ọ́fíìsì rẹ̀ kó fi ránṣẹ́. Ó ní wọn ò gbà kí àwọn ya fọ́tò níbẹ̀. Kí lo jẹ? Ó ní òun ti jẹun. Mo ní kí lo jẹ? "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ jàre."

Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo mọ ohùn yẹn. Ọdún tí èsì ìdánwò rẹ̀ ò dára, ó fi èsì pamọ́ sábẹ́ ìbùsùn, ó sì fi ara rẹ̀ tì í níbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, kò jáde. Bàbá rẹ̀ kàn lọ dín ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó wá pariwo láti kíṣìnnì: "Dòdò ti jinná!" Ọmọ yọ jáde. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ èsì títí ó fi jẹun yó.

Ohùn abẹ́ ìbùsùn ló fi ń dá mi lóhùn láti oṣù kan báyìí. Kí ni mo lè ṣe láti Ìkọ̀tún?

Sátidé, 14

Qonitah bá mi wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ ti pè mí lónìí, Mọ́mì. Mo lóyún ni, mi ò ṣàìsàn. Ẹ jẹ́ ká mí!"

Ó tọ̀nà. Mo ya tákàdá, mo pín ọjọ́. Qonitah: Sọ́ńdè. Abdulmuiz: Ọjọ́rú. Yahya: Jímọ̀. Mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Mo pe Yahya ní ìrọ̀lẹ́, láti sọ fún un pé mi ò ní máa pè é mọ́.

Ọjọ́rú, 18

Ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì rán ènìyàn wá níkẹyìn. Adéríbigbé ni wọ́n ń pè é. Ó gbé àkàbà wá, bẹ́ẹ̀ ìdúró ni èèyàn fi ń fọwọ́ kan Onílé. Mo sọ ọ́ ní Alákàbà.

Ó so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ Onílé, ó tẹ̀, ó tẹ̀, ó mi orí. "Ta ló ní wọ́n ti ṣí i, Mọ́mì? Kò sí àṣẹ kankan nínú ibí. Láti ọjọ́ tí a ti gbé e kọ́, kò sẹ́ni tó gba ìta wọlé rí."

Mo ní kó tún un wò. Ọmọ mi ń wò ó ní Port Harcourt, lójoojúmọ́.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àfi bí Port Harcourt bá ti kó wá sí ẹ̀yìnkùlé yín!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo bu omi fún un. Ó ní ẹni tó bá ń lo wáífáì Ayálégbé, inú ilé ló wà, kì í kan géètì, tààrà ló ń lọ bá Àpótí. Àwọn ará ìta nìkan ni kò lè wọlé. Ó kọ àṣẹ náà sínú Onílé, ó ní ó dìgbà tí ọ́fíìsì bá fọwọ́ sí i. Ó wá ṣí ojú ìwé Ayálégbé kí n rí àwọn tó wà nínú ilé lọ́wọ́lọ́wọ́, kí n lè gbà á gbọ́.

Orúkọ mẹ́ta. Fóònù mi. Àpótí. YAHYA-INFINIX.

"Ta ni Yahya, Mọ́mì?"

Mo ní ọmọ mi ni.

"Ó wà nílé nígbà náà."

Mo gba ife omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé àkàbà rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́rú yìí kan náà, ìrọ̀lẹ́

Ládáànì oníkọ́. Abọ́ ìrẹsì méjì. Ìdọ̀bálẹ̀ nínú eruku. Sìdíkátù, o jáde ìwé mẹ́wàá, kí lo fi kọ́?

Mo gbé àga lọ sẹ́yìn ilé, níbi fẹ́ǹsì. Mo gun un. Mi ò tíì yọ orí tí mo fi gbọ́ ọ, láti inú ṣọ́ọ̀bù Zacchaeus, láti inú fóònù: "Ẹ wo ibí. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ẹ̀yìn yẹn, ẹ sún mọ́ra."

Ọkọ mi. Láti òdìkejì fẹ́ǹsì.

Mo sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Mi ò yọjú, mi ò pariwo. Ọmọ tó bá níṣẹ́ lọ́wọ́ kì í jókòó sáàárín irin ní aago márùn-ún ọjọ́ iṣẹ́. Iṣẹ́ ti bọ́, ojú ló ń tì í.

Ta ló sì jẹ́ kí ojú máa tì í? Èmi tí mo ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù pé ọmọ mi wà nílé-iṣẹ́ epo. Èmi tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí mo bá pè é, "Ọ̀gá mi olóyìnbó, iṣẹ́ ń lọ?" ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Níbo ni kó gbà wọlé? Onílé dúdú tó wà ní pálọ̀ ti rọrùn jù mí lọ.

Àlàmísì, 19

Mo pe Abdulmuiz. Mo ní kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yí orúkọ tí Ayálégbé fi ń pe ara rẹ̀ padà, èyí tó máa ń hàn lójú fóònù àwọn tó wà nítòsí. Ó ní kí lẹ fẹ́ sọ ọ́? Mo ní kó kọ́ mi ná. Ó kọ́ mi. Ìlà kẹta ni. Láti òkè.

DODO TI JINNA.

Mi ò yí pásíwọ́ọ̀dù padà. Gbogbo àdúgbò máa rí i, wọ́n á ní Ìyá Onífídíò ti ń ta dòdò. Kí wọ́n máa wí.

Mo dín àwo àkọ́kọ́. Mo jókòó ti ojú ìwé Ayálégbé. Orúkọ méjì: fóònù mi, Àpótí. Mo tún un ṣí. Méjì. Dòdò tutù. Bóyá ó ti lọ. Bóyá kò wo ojú fóònù. Òjò ṣú, àrá sán lẹ́ẹ̀kan. Mi ò fọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan.

Ládáànì pe Àsárì, ó wúkọ́. Mo tún un ṣí.

Mẹ́ta.

Fóònù rẹ̀ ti wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ò tíì wọlé. Mo lọ fa irin géètì, mo ṣí i sílẹ̀ gbayawu, mo padà sí kíṣìnnì lọ gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mìíràn sínú epo.

Jímọ̀, 20

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti tán nílé. Kí n rántí rà á bí mo bá dé ọjà Shasha. Èyí tó pọ́n dáadáa.

Abdulmuiz pè láàárọ̀, kò tíì ṣí ní Kánádà, fídáù sì di ọ̀la. Mo ní kó rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹni tó máa bá a ṣe é ti wà nílé, ó ń sùn. Mi ò tíì bi í ní ohunkóhun. Kó jẹ́ kó sùn tó.