Ta Ló Dákẹ́ Nínú Ìpàdé Aránṣọ?

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa? Ìlú ńlá kò ní gbé ọ mì o. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà nílé, àfi orúnkún mi àti inú tó ń bí mi.

Ìwọ lo ra fóònù yìí, tí o ní kí n má fi orúnkún dídùn rìn lọ sípàdé ẹgbẹ́ aránṣọ mọ́, pé bí mo bá ti jókòó síwájú rẹ̀, bí ẹni wà láàárín wọn ni. Irọ́ lo pa fún mi! Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tuntun, mo kí gbogbo ojú inú fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn ń bá ara wọn rẹ́rìn-ín, àwa inú fóònù ń wò wọ́n ṣùn-ùn. Akọ̀wé wá pariwo pé, Màmá, orí miúùtì lẹ wà o, a ò gbọ́ ohùn yín. Mo ní irọ́ ni, orí àga ni mo wà, èmi kì í gun ohun tí n kò mọ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti pín iṣẹ́ aṣọ ọmọ ilé-ìwé. Èmi tí mo ti ń gé aṣọ fún ẹgbẹ́ kí alága tó mọ sísọ́ọ̀sì dì mú, bọ́tìnnì ni wọ́n ní kí n máa rán! Ọmọ iṣẹ́ mi àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Kíákíá, tí mo kọ́ bí a ṣe ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́, ni wọ́n ní kó máa gé aṣọ. Mo pariwo títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Alága ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ta ló dákẹ́? Àwọn aládùúgbò sá wọlé wá wo ohun tó ń ṣe mí, àwọn tí mò ń bá wí nìkan ni kò gbọ́!

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìbéèrè ránṣẹ́ pé báwo ni ẹgbẹ́ ṣe tẹ́ mi lọ́rùn sí, kí n tẹ ìràwọ̀, láti orí ọ̀kan dé márùn-ún. Mo ní ọwọ́ mi tẹ̀ wọ́n wàyí. Ṣebí nígbà tí o wà nílé-ìwé, ipò kìíní lò ń gbé wálé, ẹni tó bá gbé ipò karùn-ún kò gbọdọ̀ yọjú sí bàbá rẹ. Mo fi ìbínú tẹ márààrún.

Àfi bí alága ṣe pè mí, tó ń dúpẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ní nínú gbogbo ẹgbẹ́, kò sẹ́ni tí inú rẹ̀ dùn tó tèmi, nítorí náà wọ́n ti fẹnu kò pé inú fóònù ni kí n máa wà títí ayé.

Ọmọ mi, n kò fẹ́ dátà mọ́. Owó ọkọ̀ ni kí o fi ránṣẹ́, kó tó di ìpàdé tó ń bọ̀. Orúnkún ló ń dùn mí, ẹnu ò dùn mí.

Níbikíbi tí o bá ti sọ̀rọ̀, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.