Omi Wọ Kíláàsì, Mo Jókòó sí Ọ́fíìsì

Bàbá mi tí wọ́n sin lẹ́yìn mi,

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Mo ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Bísí, tíṣà yín, ní àdúgbò Pedro, ni mo rí ìlà tí omi fi sára ògiri, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìbàdí mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí ẹ máa ń lọ ṣe nílé àwọn tíṣà yín bí òjò ńlá bá ti dá. Ẹ ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ẹ ó fi búrẹ́dì há abíyá, ẹ ó máa lọ láti ojúlé dé ojúlé kí ẹ tó ṣí géètì ilé ìwé. Èmi rò pé ẹ̀ ń lọ wo ẹni tó fẹ́ sá níṣẹ́ ni.

Àwọn ṣọ́jà ti lọ, Bàbá. Ìjọba alágbádá tí ẹ ń retí ti dé, ẹ ò sì bá wa dìbò. Gọ́tà àdúgbò Ladi-Lak ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ó kún, omi wọ kíláàsì mẹ́ta nílé ìwé yín tó wà lọ́wọ́ mi báyìí.

Ní òkè òkun tí ẹ rán mi lọ, mo kọ́ ọgbọ́n àwọn ará Ṣáínà àtijọ́ lórí bí a ṣe ń darí iṣẹ́ àti ilé ìwé nígbà ìṣòro. Wọ́n ní kí olórí dà bí omi: kó má fi ipá ṣe nǹkan, kó sì máa wá ibi tó rẹlẹ̀ lọ. Mo mú ti àkọ́kọ́, mo fi ìkejì sílẹ̀. Mo lẹ ìwé mọ́ ògiri, ní Gẹ̀ẹ́sì, pé kí tíṣà kọ̀ọ̀kan ṣètò kíláàsì tirẹ̀ bó bá ṣe tọ́ lójú rẹ̀. Mo wá jókòó sí ọ́fíìsì yín. Mo rò pé sùúrù ni mò ń ṣe.

N ò lọ kí ẹnikẹ́ni. Ìyá Bísí, tó ti ń bá yín kọ́ ọmọ láti ìgbà tí ilé ìwé wa wà lábẹ́ páànù lásán, omi ba bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ àti aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, n ò lọ kí i pé ẹ kú ewu. Òun náà sì rèé, nígbà tí ẹ kú, ọjọ́ mẹ́jọ ló fi sùn ti Mọ́mì. Nítorí náà ló ṣe fiṣẹ́ sílẹ̀. Tíṣà méjì tẹ̀lé e.

Nígbà tí mo dé ilé rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà, ó fún mi ní àga, ó bu omi fún mi. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àwọn ará Ṣáínà títí ó fi sú èmi fúnra mi. Ẹ mọ̀ pé ó pọ̀n mí rí, ìwọ ló máa ń pè mí. Lọ́jọ́ yẹn, ó bọ̀wọ̀ fún mi bí àlejò.

“Ọ̀gá, omi tí ẹ̀ ń wí yẹn wọlé wa. Ẹ̀yin lẹ ò wọlé.”

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ ṣì tutù, kí aṣọ mi má bàjẹ́.

Ta ló kọ́ yín, Bàbá? Kí ló dé tí ẹ ò mú mi dání lọ́jọ́ kan péré? Àbí ẹ pè mí, tí mo ní mò ń kàwé?

Ọjọ́ Ajé la máa ṣí ilé ìwé padà. Kíláàsì àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ò ní tíṣà, àwọn òbí sì ti ń béèrè. Mọ́mì ní kí n bẹ àwọn àgbà àdúgbò Fọlá Agoro sí Ìyá Bísí kó lè padà, pé kò ní lè kọ̀ fún wọn. Mo mọ̀ pé kò ní lè kọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ṣé ìyẹn náà kì í ṣe ipá? Bí mo bá sì tún dá lọ, tó kọ̀, ilé ìwé yín máa tú mọ́ mi lọ́wọ́. Èwo ni kí n ṣe? Bó bá jẹ́ ojú àlá lẹ ti máa sọ ọ́, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó pẹ́ kó tó wálé.