Òkúta Kìn-ín-ní Tí Mo Pààrọ̀

Èmi ni mo pààrọ̀ òkúta náà. Ọdún mẹ́ta nìyí tí mo ti ń gbé e sínú, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún nítorí pé ẹ kò mọ̀ mí, ẹ kò sì mọ ojúlé wa ní Ìsẹ́yìn. Ẹ gbà mí o, ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ pa mí.

Bàbá mi ló máa ń yẹ àwọ̀ lántànà wò, ìlẹ̀kẹ̀ òkúta pupa tí àwọn ará Ìlọrin ń gbẹ́. Láti Ṣakí, láti Àgọ́-Àmọ̀dù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá kó lè sọ ipò tó wà. Òkúta márùn-ún tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ló fi ń díwọ̀n. Èkíní ló pupa jù, ìkarùn-ún ló ṣá jù. Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, á tẹ́ aṣọ funfun sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á gbé òkúta oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á tún gbé e sí òdìkejì, títí á fi rí èyí tó bá a dọ́gba. Ó ní ojú ènìyàn kì í rántí àwọ̀, ìdí nìyẹn tí òun kì í fi gbẹ́kẹ̀ lé ojú òun nìkan. A kò gbọ́dọ̀ fi òróró kan márùn-ún yẹn, a kò sì gbọ́dọ̀ fi wọ́n sọ́rùn.

Èmi wá fi èkíní sọ́rùn... Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní súkùú mísọ́n, Bàbá lọ sóko, mo kàn fẹ́ wo bó ṣe máa rí lára mi ni. Okùn já, ó bọ́ sórí ọlọ, ó là sí méjì. Mo sin ín sẹ́yìn ilé, mo wá òmíràn tó jọ ọ́ nínú agbọ̀n Bàbá. Èyí tí mo mú tilẹ̀ pupa jù ú lọ díẹ̀. Mo ní bó bá pupa jù ú, aburú wo ló wà níbẹ̀? Mo mà gọ̀ o! Láti ọjọ́ náà, agbára káká ni òkúta kan fi ń dé ipò kìn-ín-ní. Bàbá á ní òkúta ayé ìsinsìnyí ni kò dára mọ́...

Lọ́dún tó kọjá, opó kan wá láti Ogbóòrò, Ìyá Àjọkẹ́. Ọmọ rẹ̀ ń lọ sílé ọkọ, ó fẹ́ fún un ní ìlẹ̀kẹ̀ tí ọkọ òun fi gbé òun níyàwó. Bàbá gan-an ló yẹ̀ ẹ́ wò fún ọkọ náà láyé ọjọ́un, ipò kìn-ín-ní ló pè é. Ó tún un yẹ̀ wò níṣojú mi. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkíní, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ó ní, "Ìyá Àjọkẹ́, ipò kejì nìyí. Èyí tí mo yẹ̀ wò fún ọkọ yín kọ́."

Obìnrin náà ní, "Ẹ tún un wò, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Láti ọjọ́ tó ti fún mi, ọwọ́ mi ló wà."

Bàbá tún un wò, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ. Ìyá Àjọkẹ́ ò sunkún. Ó kàn ní, "Á jẹ́ pé ọkọ mi ti pààrọ̀ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kékeré ló kó ojúlówó fún."

Èmi gbé igbá omi dúró níbẹ̀. Kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀? Kí ló dé?

Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ní ọwọ́ ìyàwó kékeré wà nínú olè náà, wọ́n tú gbogbo ẹrù rẹ̀. Wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n ní ó ti tà á. Wọ́n pè é lólè lójú pópó, wọ́n lé e jáde tòun tọmọ lẹ́yìn, ó ti padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ìjìó. Ìyá Àjọkẹ́ kì í sì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti kú mọ́, ọkọ tí kò ṣe é ní nǹkan kan.

Lóṣù tó kọjá, Bàbá kó òkúta márààrún lé mi lọ́wọ́. Ó ní òun ti darúgbó, èmi ni kí n máa bá iṣẹ́ lọ, nítorí pé nínú gbogbo ọmọ òun, èmi ni òun lè fọkàn tán. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́... Bí mo bá jẹ́wọ́, gbogbo ohun tó ti sọ láti ọdún mẹ́ta di irọ́, ọkùnrin tí kò ṣàbòsí rí láyé rẹ̀. Bí mi ò bá jẹ́wọ́, obìnrin kan ń jẹ ẹ̀bi olè tí kò jà. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, Bàbá ni àbí Ìyá Àjọkẹ́? Àbí kí n gba Ìjìó lọ tààrà? Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ bí mi, ṣé ẹ ó fẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín?